Yàrá Onípáànù Bàbá Ìgbì

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mí kanlẹ̀ ná, ẹ̀yin òǹkàwé mi, nítorí orúkọ oyè ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn ju ìtàn rẹ̀ lọ. Ọ̀gá Àgbà Pátápátá fún Ààbò Orí, Etí àti Ọpọlọ Ará Ìlú Lọ́wọ́ Ìgbì Fóònù àti Ohun Gbogbo Tó Fara Jọ Ọ́. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀ nìyẹn. Ilẹ̀kùn kò gbà á tán, wọ́n bá kọ "Tó Fara Jọ Ọ́" sára ògiri ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn ará ìlú tí wọn kò ráyè ń pè é ní Bàbá Ìgbì. Èmi náà kò ráyè, Bàbá Ìgbì ni n óò máa pè é.

Ìdí tí ìjọba fi dá ọ́fíìsì yẹn sílẹ̀ kò burú. Fóònù ti wọ ọwọ́ tọmọdé tàgbà, àwọn èèyàn sì ń béèrè pé ìgbì tó ń ti ara rẹ̀ jáde, tí ojú kò rí, tí ọwọ́ kò lè dì mú, ṣé kò ní pa àwọn lára? Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn rẹ̀ kò sì le. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n ní ìwọ̀nba ni ìgbì náà, àwọn kò tíì rí i dájú pé ó ń ṣe èèyàn ní jàǹbá, àti pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀ lè fi íápíìsì sọ̀rọ̀, kó gbé fóònù jìnnà sí orí, kó má sì sọ̀rọ̀ pẹ́ níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá ti já geere. Èèyàn lè kọ gbogbo èyí sí pépà kan, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kó sì lọ sílé lọ sinmi.

Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n máa ń pàtẹ́wọ́ fún nítorí pépà kan? Bàbá Ìgbì fẹ́ràn àtẹ́wọ́ bí ọmọdé ṣe fẹ́ràn súùtì. Lọ́jọ́ tó gba iṣẹ́, ó gun orí àga, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ní:

"Ẹ̀yin èèyàn mi! Ẹ̀yin tí ìgbì ti ń gbé lọ kí n tó fa aṣọ yín padà! Kí n tó dé, kí ló ń dáàbò bo orí yín? Ẹ dá mi lóhùn! Irun! Irun nìkan! Ẹni tó wá pá lórí ńkọ́? Ṣé kó kú ni? Mo ní rárá! Láti òní lọ, èmi ni irun apárí!"

Àtẹ́wọ́ sọ. Ẹni tó kọ́kọ́ pa á ni akọ̀wé rẹ̀, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí gbogbo ọ́fíìsì ń pè ní Bẹ́ẹ̀-ni-sà. Ẹ má fojú kéré ọkùnrin yìí o. Ó kàwé, ó ní làákàyè, ilé rẹ̀ tòrò. Àmọ́ ó ti pẹ́ tó ti ń sin ọ̀gá débi pé ẹnu rẹ̀ ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń pe "rárá". Bí ìyàwó rẹ̀ bá bi í nílé pé ṣé kò fẹ́ jẹun ni, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà" ló máa ń kọ́kọ́ jáde.

Bẹ́ẹ̀-ni-sà ló gbé àṣà àbáwọlé kalẹ̀. Òṣìṣẹ́ tó bá fẹ́ wọlé tọ ọ̀gá gbọ́dọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, kó gbọn ara rẹ̀ jìgìjìgì kí ìgbì tó bá lẹ̀ mọ́ ọn lè já bọ́, kó fi ọwọ́ nu etí, kó wá kókìkí pé, "Orí yín pé, Ọlọ́lá! Tiwa náà pé nítorí yín!" Ẹ rò ó wò ná: àgbà ọkùnrin tó gbé fáìlì dání, tó ń gbọnra lẹ́nu ilẹ̀kùn bí ajá tí òjò pa. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, owó oṣù sì ń wọlé.

Òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan wà lẹ́bàá ọ́fíìsì náà. Ó dúró jẹ́ẹ́, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Bàbá Ìgbì ní kí wọ́n tú u kúrò, kí wọ́n lọ rì í sí ẹ̀yìn òkè, níbi tí kò ní lè rí orí ẹnikẹ́ni. Wọ́n tú u lóòótọ́. Kò pẹ́, ohun tí ẹnikẹ́ni kò retí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹlẹ̀: fóònù àwọn ará ìlú ń gbóná lọ́wọ́ bí áyọ́ọ̀nù, bátìrì sì ń kú kí oòrùn tó kan àtàrí.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí, nítorí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Fóònù mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Bí òpó bá wà nítòsí, á rọra bá a sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, bí ẹni tó ń bá ará ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú yàrá. Bí òpó bá jìnnà, tàbí tí ohun kan bá dínà láàárín àwọn méjèèjì, ńṣe ni fóònù á lọgun kí wọ́n tó lè gbọ́ ọ. Igbe tó ń ké yẹn gan-an ni ìgbì tí à ń sá fún. Nítorí náà, ẹni tó lé òpó lọ sẹ́yìn òkè kò lé ìgbì lọ, etí àwọn ará ìlú ló gbé e wá.

Àwọn kan gbìyànjú láti ṣàlàyé èyí fún Bàbá Ìgbì. Ó rẹ́rìn-ín àánú sí wọn.

"Ẹ rí i bí!" ló wí. "Àwọn fóònù ti ń gbóná! Ìgbì ló ń bínú pé mo lé òun! À ń gba òròmọdìyẹ lọ́wọ́ ikú, ó ní wọn ò jẹ́ kí òun lọ ààtàn lọ jẹ̀. Akọ̀wé, àbí mo purọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni akọ̀wé dáhùn. Kò sẹ́ni tó mọ èyí tó ń fọwọ́ sí nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ló kan yàrá onípáànù. Bàbá Ìgbì ránṣẹ́ sí káfíńtà, ó ní kó fi páànù bo gbogbo ògiri ọ́fíìsì òun, kó fi bo àjà, kó fi bo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, kí ìgbì kankan má lè ráyè wọlé. Káfíńtà béèrè bóyá kí òun fi fèrèsé sílẹ̀. Bàbá Ìgbì ní fèrèsé ni ọ̀dàlẹ̀ ilé. Káfíńtà kan páànù títí, ó kó irin iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ń mi orí lọ sílé. Nígbà tó bá di ọ̀sán, yàrá yẹn á gbóná débi pé yíǹkì bírò á máa dà sínú àpò ẹ̀wù. Bẹ́ẹ̀-ni-sà ń fi fáìlì fẹ́ ọ̀gá rẹ̀, òógùn ń kán tótó sórí tábìlì, ọ̀gá sì ń sọ fún àlejò pé, "Ìtura wo ló tó èyí? Níbí nìkan ni orí ti ń sinmi ní gbogbo ayé."

Òfin ló gbé tẹ̀ lé e, ó sì tún ra ẹ̀rọ kan kún un. Ẹ̀rọ ìwọ̀n ìgbì ni, kékeré, tó ṣeé gbé lọ́wọ́, tó máa ń ké "píín" bó bá ti gbọ́ ìgbì fóònù nítòsí, tí igbe rẹ̀ sì ń le sí i bí ìgbì bá ṣe lágbára sí. Àwọn òṣìṣẹ́ sọ ọ́ ní Arínúróde. Òfin náà wà lára ògiri ọ̀ọ̀dẹ̀, nínú férémù: "Kò sí fóònù lára òṣìṣẹ́ kankan nínú ọgbà yìí mọ́. Ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ẹni ńlá, ì báà jẹ́ ẹni kékeré, tí ẹ̀rọ bá ké mọ́ lára, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀." Kò sí ohun tó ń ṣe "ẹni ńlá" níbẹ̀. Bàbá Ìgbì kàn rí i pé ó dùn létí nígbà tó ń kà á sókè ni.

Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Àmọ́ ta ló máa sọ fún un?

Ẹni tí òfin náà kọ́kọ́ bá ni obìnrin tó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà àbáwọlé, tó ń gba àlejò, tó ń júwe yàrá fún wọn, tó ń rẹ ẹni tó bá bínú wá lẹ́kún. Àǹtí Ẹnu-Ọ̀nà ni wọ́n ń pè é. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, Bẹ́ẹ̀-ni-sà gbé Arínúróde kọjá níwájú rẹ̀, ẹ̀rọ náà sì ké. Fóònù kékeré kan, tí ojú rẹ̀ ti fọ́, wà nísàlẹ̀ dúróà rẹ̀.

Wọ́n mú un wọ yàrá onípáànù. Kò tilẹ̀ rántí láti gbọnra.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi," ló wí. "Ìyá mi ni. Òun nìkan ló ń gbé, àìsàn ọkàn sì ń ṣe é. Ó dákú lóṣù tó kọjá. Aládùúgbò rẹ̀ ló máa ń pè mí bí nǹkan bá ṣe é. Mi ò kì í fi pe ẹnikẹ́ni, sà. Kí n ṣáà lè gbọ́ bó bá dún ni."

"Ìyá rẹ!" ni Bàbá Ìgbì ké, ó sì dìde, nítorí kì í lè jókòó sọ̀rọ̀. "Èmi ń sọ̀rọ̀ nípa orí gbogbo ìlú, ìwọ ń sọ̀rọ̀ nípa ọkàn ẹnì kan! Bí gbogbo ẹni tó ní ìyá bá gbé fóònù wá, kí ló máa ṣẹ́ kù?"

"Sà, èmi ni mo ń ra oògùn rẹ̀. Bí iṣẹ́ yìí bá bọ́, mi ò mọ ibi tí n óò ti rí i."

Bẹ́ẹ̀-ni-sà wo ilẹ̀. Ó dùn ún. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ó dùn ún, àmọ́ ó ń fi fáìlì fẹ́ ọ̀gá rẹ̀ lọ.

"Ọjọ́bọ̀ ni Mínísítà ń bọ̀ wá wo ọ́fíìsì wa," ni ọ̀gá wí, ojú rẹ̀ sì tàn bí ẹni tí ọgbọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé bá. "Ìwọ á dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ́jọ́ náà. Níwájú rẹ̀ ni n óò ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ, kó lè rí bí òfin ṣe ń ṣiṣẹ́ níbí. Máa lọ."

Ó jáde. Ó jókòó sídìí tábìlì rẹ̀, ó ń júwe yàrá fún àwọn àlejò pẹ̀lú ohùn tó mọ́ gaara, ó sì ń ka ọjọ́ tó kù lọ́kàn.

Ó ti wá tó àkókò báyìí kí n tú àṣírí kan fún yín. Ẹ súnmọ́ mi.

Ilé iṣẹ́ rédíò ìlú náà ní ètò kan ní gbogbo ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, níbi tí àwọn ará ìlú ti ń sọ tinú wọn. Wàá pe nọ́ńbà wọn, wàá sọ orúkọ rẹ, wọ́n á wá pè ọ́ padà bó bá kàn ọ́. Bàbá arúgbó kan wà tí kì í pa ètò náà jẹ. Bàbá Àgbẹ̀ ló ń pe ara rẹ̀, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, ó tutù, àwọn èèyàn sì fẹ́ràn rẹ̀. Bó bá ti kí gbogbo ilé tán, á bẹ̀rẹ̀: "Ẹ̀yin ọmọ mi, èmi ò mọ̀wé o, oko ni mò ń ro. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá Àgbà tó ń dáàbò bo orí wa yìí, háà! Irú èèyàn bẹ́ẹ̀ kì í wáyé lẹ́ẹ̀mejì."

Ẹ ti mọ̀ ọ́n. Bàbá Ìgbì ni Bàbá Àgbẹ̀.

Á ti ilẹ̀kùn yàrá onípáànù, á fa kọ́tìnnì kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, níbi tó ti mú kí káfíńtà lu ihò kan tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ sára páànù lábẹ́lẹ̀, nítorí fóònù kò lè gbọ́ nǹkan kan nínú àpótí onírin. Níbẹ̀ ni á ti gbé fóònù lé ẹ̀bátí, á tẹ orí, á sì máa yin ara rẹ̀. Ẹ wò ó: páànù yí i ká, òpó wà lẹ́yìn òkè, ihò kan ṣoṣo ni ọ̀nà. Fóònù yẹn ń lọgun bí ẹni tó jìn sí kànga. Nínú gbogbo ìlú náà, kò sí orí tí ìgbì ń dà sí tó orí Ọ̀gá Àgbà fún Ààbò Orí.

Ọjọ́bọ̀ pé. Àárọ̀ ni wọ́n ní Mínísítà máa dé. Ọ̀sán pọ́n, kò dé. Àwọn òṣìṣẹ́ tò sẹ́nu ọ̀nà títí ẹsẹ̀ fi ń ro wọ́n. Bàbá Ìgbì rò ó pé bóyá kò tilẹ̀ ní wá mọ́, àkókò ètò rédíò sì ti tó. Ó ti ilẹ̀kùn, ó pe nọ́ńbà wọn, ó ní Bàbá Àgbẹ̀ ti wà ní sẹpẹ́. Wọ́n ní kó dúró, àwọn á pè é. Bó ṣe gbé fóònù kúrò létí ni fèrè mọ́tò Mínísítà dún nínú ọgbà.

Háà! Ibo ni kó fi fóònù sí? Ẹ̀wù tuntun tó rán fún ọjọ́ náà fún un pinpin, àpò rẹ̀ kò gba ìka. Gbogbo dúróà tábìlì rẹ̀ ló ti ṣí sílẹ̀ kí Mínísítà lè rí i pé wọ́n mọ́. Kó pa á ńkọ́? Ọlọgbọ́n á pa á. Ṣùgbọ́n Bàbá Ìgbì ro bí yóò ti dùn tó bí ìyìn rẹ̀ bá wà lórí afẹ́fẹ́ lọ́jọ́ tí Mínísítà wà nílùú. Á dọ́gbọ́n lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bó bá kàn án. Ó sọ agogo fóònù di èyí tó ń gbọ̀n láìdún, ó gbé e lé àárín orí, ó dé fìlà lé e, ó sì dúró ti ẹ̀gbẹ́ kọ́tìnnì kí fóònù lè máa gbọ́ láti inú ihò.

Mínísítà wọlé. Àgbà obìnrin ni, kúkúrú, bàtà pẹlẹbẹ ló wọ̀, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n ti ní kó fi àwọn fóònù rẹ̀ sílẹ̀ nínú mọ́tò, ó sì gbà. Ó wo páànù ara ògiri, ó wo páànù òkè, ó nu òógùn iwájú orí rẹ̀.

"Ẹ̀yin ló ń gbé inú ibí yìí?" ló béèrè.

"Èmi ni, Ìyá wa! Ìyá orí! Ìyá etí!" ni Bàbá Ìgbì bẹ̀rẹ̀. "Ẹ ti wọ ibi tí ìgbì kò lè wọ̀! Nígbà tí wọ́n bá kọ ìtàn orí èèyàn, wọ́n á ní apá méjì ló ní: kí n tó dé, àti lẹ́yìn tí mo dé! Akọ̀wé, gbé ẹ̀rọ!"

Bẹ́ẹ̀-ni-sà gbé Arínúróde kọjá lára àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n tò wọlé lẹ́yìn Mínísítà. Ẹ̀rọ dákẹ́. Ó gbé e kọjá lára Àǹtí Ẹnu-Ọ̀nà tó dúró ti ògiri, ojú rẹ̀ wú bí ẹni tí kò sùn. Ẹ̀rọ dákẹ́.

"Lónìí, ó dákẹ́," ni Bàbá Ìgbì wí, ó nawọ́ sí i. "Ọjọ́ Ajé, ó ké! Lónìí ni òfin máa fi ọwọ́ líle mú un níwájú yín. Ṣùgbọ́n lákọ̀ọ́kọ́, akọ̀wé, gbé e sún mọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí Mínísítà gbọ́ bí ẹ̀rọ ṣe ń dákẹ́ fún orí tó mọ́!"

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Adùn ọ̀rọ̀ ti mú un gbàgbé ohun tó wà lábẹ́ fìlà rẹ̀. Bí akọ̀wé ṣe gbé ẹ̀rọ dé iwájú rẹ̀, ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an, ó kan Bàbá Àgbẹ̀ ní ilé iṣẹ́ rédíò.

"Píííín!"

Gbogbo yàrá gbọ̀n rìrì. Bẹ́ẹ̀-ni-sà gbé ẹ̀rọ lọ sí ẹsẹ̀ ọ̀gá rẹ̀, igbe rẹ̀ rọlẹ̀. Ó gbé e lọ sókè, ẹ̀rọ ké bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú.

"Sà," ló wí jẹ́ẹ́, "ó jọ pé orí yín ni."

"Orí mi ń ronú!" ni Bàbá Ìgbì ké. "Ìrònú ńlá ní ìgbì tirẹ̀!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Fìlà yín ń mì," ni Mínísítà wí.

Òótọ́ ni. Fìlà náà ń gbọ̀n gírígírí lórí, ó ń yí díẹ̀díẹ̀ lọ sápá òsì, ó sì ń bọ̀ wá síwájú. Bàbá Ìgbì fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú bí ẹni tí atẹ́gùn ń bá jà. Òógùn ti mú orí rẹ̀ yọ̀. Fìlà yọ̀, fóònù yọ̀ tẹ̀ lé e, ó bọ́ sórí tábìlì, ó sì ń gbọ̀n lọ síwájú Mínísítà bí ẹni tó ń lọ fẹjọ́ sùn.

Mínísítà tẹ̀ ẹ́.

"Hẹ́lò, Bàbá Àgbẹ̀!" ni ohùn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò dún jáde, ó ń já, ó ń so. "Ẹ ti wà lórí afẹ́fẹ́ o! Gbogbo ilé ló ń retí yín! Kí lẹ tún fẹ́ fi yin Ọ̀gá Àgbà lónìí?"

Ibì kan lẹ́yìn, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ẹnì kan, ó yára sọ ọ́ di ikọ́.

"Bàbá Àgbẹ̀ ń bọ̀," ni Mínísítà dáhùn. "Ẹ dúró dè é." Ó tún gbé fóònù náà sórí tábìlì, kò sì pa á. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ náà gbọ́n, ó pa ẹnu rẹ̀ mọ́, gbogbo ìlú sì ń gbọ́.

"Akọ̀wé, kí ni òfin ara ògiri yẹn wí?"

Bẹ́ẹ̀-ni-sà kò nílò láti jáde lọ wò ó. Ohùn olóyin tó fi ń ki ọ̀gá rẹ̀ náà ló fi kà á sókè: "Ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ẹni ńlá, ì báà jẹ́ ẹni kékeré, tí ẹ̀rọ bá ké mọ́ lára, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀."

"Ẹ̀rọ ló ń purọ́!" ni Bàbá Ìgbì wí.

"Bó bá purọ́ mọ́ yín, ó lè purọ́ mọ́ obìnrin yìí náà," ni Mínísítà wí. "Kó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn."

"Rárá! Ó sọ òótọ́ mọ́ ọn. Èmi ló purọ́ mọ́."

Mínísítà fa àga, ó jókòó. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ooru sì ń mú un. "Ẹ gbọ́," ló wí. "Mi ò wá síbí láti wá ba tẹnikẹ́ni jẹ́. Òfin yìí kò dáa. Ẹ sọ fún àwọn èèyàn yìí pé ẹ ṣàṣìṣe, kẹ́ ẹ fà á ya, kí obìnrin yìí máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, kí ẹ̀yin náà máa bá tiyín lọ. Ó parí."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ṣé ẹ rí àánú? Ilẹ̀kùn ṣí gbayawu níwájú ọkùnrin yìí. Ọ̀rọ̀ méjì péré ló máa fi kọjá. Gbogbo òṣìṣẹ́ tẹ orí síwájú, ẹnu wọn ń mì, wọ́n ń bá a sọ ọ́ nínú. Àǹtí Ẹnu-Ọ̀nà kò lè mú un mọ́ra.

"Sà, ẹ ṣàánú mi," ló wí. "Kì í ṣe nǹkan ìtìjú. 'Mo ṣàṣìṣe.' Bí mo ṣe sọ ọ́ yẹn, sà."

Bàbá Ìgbì la ẹnu. "Mo," ló wí. "Mo ṣà..."

"Ẹn-hẹ́n!" ni gbogbo yàrá wí.

"Mo ṣà... mo ṣàkíyèsí pé àwọn ọ̀tá wà nínú ọgbà yìí!"

Gbogbo yàrá mí kanlẹ̀. Mínísítà ní kó tún gbìyànjú.

"Mo ṣà... mo ṣàkóso ọ́fíìsì yìí pẹ̀lú ọgbọ́n tí irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n! Bí nǹkan kan bá sì ṣẹlẹ̀, bí a bá fẹ́ pe nǹkan náà lórúkọ, àwọn kan lè sọ pé ó jọ àṣìṣe, ṣùgbọ́n nínú àwọn àṣìṣe, àwọn kan wà tó jẹ́ pé ọgbọ́n ni wọ́n, kìkì pé wọ́n yá ju àkókò wọn lọ!"

Ó sọ̀rọ̀ lọ, ó sọ̀rọ̀ bọ̀. Ó pe ara rẹ̀ ní òpó, ó pe ara rẹ̀ ní òrùlé. Ó ń sún mọ́ ọ̀rọ̀ méjì yẹn, ó ń yà fún wọn, bí ẹni tó rí olówó tó jẹ ní gbèsè lójú títì. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Ìgbésí ayé obìnrin kan wà lórí ahọ́n rẹ̀, ohun tó sì ń rò ni bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe máa dún.

Níkẹyìn, Mínísítà dìde. "Ó tó. Ẹ̀yin lẹ kọ òfin, ẹ̀yin lẹ kọ 'ẹni ńlá' sínú rẹ̀. Òfin yín ti mú yín. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ yín. Èmi náà wá fa òfin ya báyìí, kó má bàa mú ẹlòmíràn mọ́. Ìwọ, ìyá, padà sídìí tábìlì rẹ, kí o sì jẹ́ kí fóònù rẹ wà níbi tí wàá ti gbọ́ ọ."

"Bẹ́ ẹ bá máa fà á ya, ṣebí ẹ ì bá fà á ya kó tó kàn mí!" ni Bàbá Ìgbì lọgun.

"Mo bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ fi ẹnu yín fà á ya. Akọ̀wé, ṣé mi ò bẹ̀ ẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," ni akọ̀wé dáhùn. Ojú ẹsẹ̀ ló ti yí i padà. Ó sì lọ ṣí ilẹ̀kùn fún ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́, ó tẹríba fún un dáadáa bó ti máa ń ṣe, ó ní, "Orí yín pé, Ọlọ́lá," títí ó fi jáde tán.

Àǹtí Ẹnu-Ọ̀nà kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó gba fóònù rẹ̀ tó ti fọ́ lójú lọ́wọ́ akọ̀wé, ó jáde síta gbangba níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń yọjú díẹ̀, ó sì pe ìyá rẹ̀.

"Màmá, ṣé ẹ ti jẹun? Ẹ ti lo oògùn? Ó dáa... Rárá, mà, mi ò sunkún. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni."

Ìyàwó Bàbá Ìgbì ti pa rédíò nígbà tí ọkọ rẹ̀ fi dé ilé. Ó gbé omi tútù fún un, ó jókòó síwájú rẹ̀. Ọkùnrin náà mu omi, ó gbé ife kalẹ̀.

"Ṣé ẹ gbọ́ ọ?"

"Gbogbo àdúgbò ló gbọ́ ọ, Bàbá àwọn ọmọ mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé ẹ̀yin ni Bàbá Àgbẹ̀. Èèyàn á ṣe máa gbé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, kó má mọ ohùn rẹ̀? Mi ò kàn fẹ́ dójú tì yín ni. Ohùn yẹn tutù, mo máa ń fẹ́ kẹ́ ẹ fi bá wa sọ̀rọ̀ nínú ilé nígbà mìíràn."

Ọkọ rẹ̀ kò nawọ́, kò dìde.

"Mo ṣàṣìṣe," ló wí.

Ìyàwó rẹ̀ wò ó. "Kí ló wá dé tẹ́ ò sọ ọ́ níbẹ̀?"

"Èèyàn ti pọ̀ jù níbẹ̀."

"Èmi kọ́ lẹ ṣẹ̀," ni obìnrin náà wí, ó sì gbé ife lọ fọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkùnrin kan wọ ọgbà ọ́fíìsì náà. Ẹsẹ̀ ló fi rìn wá, orí rẹ̀ wà ní ṣíṣí. Àlejò mẹ́ta wà níwájú rẹ̀, Àǹtí Ẹnu-Ọ̀nà sì ní kó jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí á fi kàn án. Ó jókòó. Àwọn òṣìṣẹ́ ń kọjá, wọ́n ń yọjú, wọ́n ń fọwọ́ gún ara wọn. Nígbà tó kàn án, ó dìde, ó sún mọ́ tábìlì.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ta lẹ wá rí?"

"Ẹ̀yin ni mo wá rí, mà," ló fi ohùn tútù Bàbá Àgbẹ̀ wí.